Ṣé O Mọ̀? Ohun Tó Ń Jáde Lára Ìkòkò Ló Ń Dá Òdòdó Sí

Ṣé o mọ̀ pé ohun tó yẹ kí o kọ́kọ́ wò lára ìkòkò òdòdó kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀, kì í sì í ṣe ọnà tí wọ́n fín sí i lára, bí kò ṣe ìdí rẹ̀? Dojú rẹ̀ dé níwájú ẹni tó ń tà á. Bí kò bá ní ihò, dá a padà fún un. Gbòǹgbò ń mí, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín hóró iyẹ̀pẹ̀ ló sì ń mí sínú. Bí omi bá dí gbogbo àlàfo yẹn pa, gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í rà, ewé á rọ bí ẹni pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ẹni tó ni ín á wá tún bu omi sí i. Báyìí ni ọ̀pọ̀ fúláwà ṣe ń kú nínú ilé: omi ló pa á, a ní ọ̀dá ni.

Ṣé o mọ̀ pé ó ti lé ní 3,400 ọdún tí ọmọ ènìyàn ti ń gbé igi kiri tòun ti iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀? Lára ògiri tẹ́ńpìlì tí Hatshepsut, obìnrin tó jẹ Fáráò, kọ́ sí Deir el-Bahari ní Íjíbítì, wọ́n ya àwòrán àwọn ọkùnrin tó fi ọ̀pá gbé igi tùràrí lé èjìká, tí wọ́n ń kó o bọ̀ láti ilẹ̀ Punt. Inú agbọ̀n ni gbòǹgbò àwọn igi náà wà. Agbọ̀n ń ro omi nù, ó sì ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, nítorí náà àwọn tó kó ẹrù yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ará Gíríìsì ìgbàanì fi ìkòkò òdòdó yí ilé òrìṣà àwọn alágbẹ̀dẹ wọn ká? Ní Áténì, láàárín 1936 sí 1937, awalẹ̀pìtàn obìnrin kan láti Amẹ́ríkà, Dorothy Burr Thompson, wú àwọn ìkòkò náà jáde lẹ́bàá tẹ́ńpìlì Hephaestus. Inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta ni wọ́n wà, wọ́n tò wọ́n ní ìlà gbọọrọ, ó sì bá òpó tẹ́ńpìlì mu. Àwọn ìkòkò yẹn ti lo ohun tó ju 2,200 ọdún lọ nínú ilẹ̀.

Àwọn ará Róòmù ní tiwọn rí iṣẹ́ mìíràn fún ihò ìdí ìkòkò. Cato, òṣèlú tó tún jẹ́ àgbẹ̀, tó kọ ìwé nípa iṣẹ́ oko ní nǹkan bí 160 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, kọ́ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n mú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, kí wọ́n ki ẹ̀ka igi tó ṣì wà lára ìyá rẹ̀ gba inú ihò náà, kí wọ́n rọ iyẹ̀pẹ̀ kún un, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ lókè níbẹ̀. Bí ẹ̀ka bá ta gbòǹgbò tán, wọ́n á gé e nísàlẹ̀ ìkòkò, wọ́n á sì lọ gbìn ín. Igi tuntun dé, ìyá rẹ̀ kò sì kú.

Ṣé o mọ̀ pé ìkòkò amọ̀ ń làágùn? Ẹni tó bá ti mu omi àmù rí ti mọ̀ ọ́n lẹ́nu, bí kò tilẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Omi ń rọra yọ lára amọ̀, afẹ́fẹ́ ń gbà á lọ, ó sì ń gbé ooru lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, lo ọgbọ́n kan náà: ó ki ìkòkò kan sínú òmíràn, ó fi yanrìn tútù sáàárín wọn, tòmátì sì ń pẹ́ nínú rẹ̀ láìsí iná mànàmáná. Ó gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lára ìkòkò òdòdó tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ máa ń tutù, ó sì máa ń tètè gbẹ. Ìdí nìyí tó fi dára fún ewéko tí kò fẹ́ràn ọ̀pọ̀ omi, tó sì fi lè dójú ti ẹni tó gbin ohun tó ń mu omi sínú rẹ̀ tó sì rìnrìn àjò.

Ohun funfun bí ẹfun tó ń hàn lára ìkòkò amọ̀ ńkọ́? Iyọ̀ ni. Omi kànga àti ajílẹ̀ ló kó o wá. Omi bá ògiri jáde, ó fẹ́ lọ, iyọ̀ kò lè fẹ́ lọ. Búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọtí kíkan díẹ̀ á mú un kúrò.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò nílẹ̀ wa ti ń ṣe irú ìkòkò yìí kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń fi ọkọ̀ òkun kó o wọlé? Ní agbègbè Dada ní Òkèlele, Ìlọrin, àti ní Ìpetumodù nítòsí Ilé-Ifẹ̀, obìnrin ló ni iṣẹ́ náà. Wọn kì í lo ẹ̀rọ tó ń yí. Wọ́n á da ojú ògbólógbòó ìkòkò dé, wọ́n á na amọ̀ lé e lórí, wọ́n á wá mọ ìyókù sókè. Gbangba ìta ni wọ́n ti ń fi igi àti koríko sun ún, ooru irú iná bẹ́ẹ̀ kì í sábà tó 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí náà ara ìkòkò kì í di pa. Ihò tíntìntín tí ojú kò lè rí wà lára rẹ̀ káàkiri. Ní Ìlọrin, bí ìkòkò bá ti jáde nínú iná, tó ṣì ń gbóná, wọ́n á fi omi èèpo èso igi irú wọ́n ọn. Ìyẹn ló ń sọ ọ́ di dúdú dídán, tó sì ń dín bí omi ṣe ń yọ lára rẹ̀ kù. Èyí dára fún ọbẹ̀. Bí òdòdó lo fẹ́ gbìn, tètè sọ fún Ìyá kí wọ́n má wọ́n tìrẹ, kí wọ́n sì bá ọ lu ihò sí i nídìí nígbà tí amọ̀ ṣì tutù. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí wọ́n sun ún tán kó tó wá ọ̀nà láti lu ú, àpáàdì ni yóò gbé relé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Peckham àti Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbọ́ tiyín. Omi tó wà nínú ihò tíntìntín yẹn ló ń di yìnyín nígbà òtútù, omi tó bá sì di yìnyín á fẹ̀ sí i, á fọ́ ìkòkò láti inú wá. Nítorí èyí ni àwọn ènìyàn ṣe ń náwó lé ìkòkò Impruneta, ìlú kékeré kan nítòsí Florence ní Ítálì, tí amọ̀ ibẹ̀ lókìkí pé ó ń fara da òtútù. Ó wọ́n o. Ẹni tí kò bá lówó rẹ̀ lè gbé ìkòkò rẹ̀ wọlé nígbà òtútù.

Ìgbé-wọlé yẹn náà ní ìtàn. Ní Versailles nílẹ̀ Faransé, láàárín 1684 sí 1686, ayàwòrán-ilé Jules Hardouin-Mansart kọ́ ilé ńlá kan fún ọba Louis Kẹrìnlá nítorí igi ọsàn lásán. Inú àpótí pákó ni àwọn igi náà wà, ẹ̀gbẹ́ àpótí sì ń ṣí bí ilẹ̀kùn kí àwọn olùtọ́jú lè rí gbòǹgbò, kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀. Títí di òní, wọ́n ṣì ń kó wọn jáde nígbà tí ojú ọjọ́ bá móoru, wọ́n á sì kó wọn padà bí òtútù bá ń bọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé òkúta wẹ́wẹ́ tí a ń dà sísàlẹ̀ ìkòkò kí omi lè máa ro dáadáa, iṣẹ́ òdì ló ń ṣe? Bàbá sọ fún ọmọ, ọmọ sọ fún ọmọ tirẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná ń di omi mú, kì í sì í jọ̀wọ́ rẹ̀ fún òkúta tó wà nísàlẹ̀ àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ti mu ún yó. Nítorí náà, ibi tó tutù jù, tó yẹ kó wà ní ìdí ìkòkò pátápátá, òkúta ti gbé e sókè bá gbòǹgbò. Ohun tó tó ni kí o fi àwọ̀n ṣẹ́ẹ́rẹ́ bo ihò kí iyẹ̀pẹ̀ má bàa dà nù. Bí o bá fẹ́ fojú ara rẹ rí i, mú kànìnkànìn ìfọwo onígun mẹ́rin, rì í sómi, gbé e ní ìdùbúlẹ̀ títí yóò fi dẹ́kun ríro. Wá nà án dúró. Omi mìíràn á tún ro. Kànìnkànìn kan náà ni, gíga rẹ̀ ló yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò gíga ṣe ń ro omi ju ìkòkò pẹrẹsẹ lọ, bí iyẹ̀pẹ̀ kan náà bá wà nínú wọn.

Níbi tí omi kò bá ti lè ro, kí wá ni ṣíṣe? Ní gbalasa òfuurufú, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Omi ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò yíká, ó sì lè sé èémí mọ́ ọn nínú. NASA, àjọ òfuurufú ti Amẹ́ríkà, kò gbé ìkòkò lọ. Ní 2014, wọ́n gbé àpò kéékèèké bí ìrọ̀rí lọ sí ilé ìwádìí tó ń yí ayé po, òkúta amọ̀ sísun tó kún fún ihò ni wọ́n sì rọ sínú rẹ̀, kí omi àti afẹ́fẹ́ lè jọ gbé pọ̀. Ní oṣù kẹjọ 2015, àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú jẹ létúùsì tí wọ́n gbìn sínú rẹ̀.

Ìkòkò kan wà tí mo gbà pé kó má ní ihò: èyí tí a bá rì mọ́lẹ̀. Fan Shengzhi, onímọ̀ iṣẹ́ oko ní Ṣáínà, ti kọ nípa rẹ̀ ní ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn. A ó ri ìkòkò amọ̀ tí kò ní dídán mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn, a ó bu omi kún un, a ó sì gbin ẹ̀gúsí tàbí bàrà yí i ká. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, á fa omi láti ara ìkòkò. Bí ilẹ̀ bá tutù, fífà náà á dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí páìpù. Ẹni tó ń gbin tòmátì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ṣakí, tí kò tíì dán an wò, ń fi omi ṣòfò. Kó ṣáà rí i pé òun dé e lórí.

Ìdí tí mo fi ní kó dé e rèé. Ṣé o mọ̀ pé omi inú àwo tí a ń gbé sábẹ́ ìkòkò òdòdó ti tó tanwíjí láti di ẹ̀fọn? Kò ju nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 lọ nígbà ooru. Ẹ̀fọn Aedes, tó ń gbé ibà dengue àti ibà pọ́njú kiri, fẹ́ràn irú ibẹ̀ gan-an. Ara àwo, lókè omi díẹ̀, ló ń yé ẹyin lẹ̀ mọ́, ẹyin yẹn sì lè wà ní gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó rí omi tó máa jẹ́ kó pa. Dída omi nù nìkan kò tó, àfi kí o fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Ní Brazil, níbi tí dengue ti ń yọ wọ́n lẹ́nu lọ́dọọdún, ìjọba ń sọ fún àwọn aráàlú pé kí wọ́n da yanrìn kún àwo náà dé ẹnu. Yanrìn á fa omi mu, ẹ̀fọn kò sì ní rí ibi tí yóò bà lé.

Ṣé o mọ̀ pé ìkòkò ló ń pinnu bí ewéko ṣe máa tóbi tó? Ní 2012, Hendrik Poorter, onímọ̀ nípa ewéko ní Jülich ní Jámánì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde ìwádìí 65 jọ. Wọ́n rí i pé bí a bá sọ àyè inú ìkòkò di ìlọ́po méjì, ewéko inú rẹ̀ á fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún wúwo sí i. Ìṣirò kan tún wà níbẹ̀ tó ń tan ènìyàn jẹ: ìkòkò tó ga ní ìlọ́po méjì, tó sì fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́jọ iyẹ̀pẹ̀ ló ń gbà. Ẹ jọ̀ọ́, èyí kò ní kí o gbé ọmọ ata tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù sínú garawa o. Gbòǹgbò kékeré kò lè mu omi tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ púpọ̀, omi á jókòó, iyẹ̀pẹ̀ á di kíkan. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa pààrọ̀ ìkòkò fún un.

Àwọn amọ̀kòkò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ní ọ̀nà tiwọn láti ka ìwọ̀n: iye ìkòkò tí wọ́n bá rí mọ nínú ìṣù amọ̀ kan ni wọ́n fi ń pè é. Ìkòkò 60 kéré, 48 jù ú lọ, 32 tún jù wọ́n. Bí nọ́ńbà ṣe ń kéré sí i ni ìkòkò ń tóbi sí i.

Ìkòkò tó kéré kì í fìgbà gbogbo pa igi. Igi páìnì kan wà ní Washington tí ìdílé Yamaki ní Japan ti ń tọ́jú láti 1625. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ 1945, ó wà nínú ọgbà wọn ní Hiroshima, nǹkan bíi kìlómítà 3 sí ibi tí bọ́ǹbù ti bú. Ògiri ọgbà ló gbà á là. Wọ́n fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ ní 1976, ó sì wà láàyè títí di òní nínú ìkòkò pẹrẹsẹ, nítorí pé wọ́n ń gé gbòǹgbò rẹ̀ lóòrèkóòrè. Ní ọgbà Kew ní London, igi mìíràn tó jọ ọ̀pẹ, tí Francis Masson kó wá láti gúúsù Áfíríkà ní 1775, ṣì wà nínú ìkòkò. Ó ti lé ní tọ́ọ̀nù 1 báyìí. Ní 2009 ni wọ́n pààrọ̀ ilé fún un.

Ṣé o mọ̀ pé ìkòkò kan ló kọ́kọ́ fi hàn pé igi kì í jẹ ilẹ̀? Jan Baptist van Helmont, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ́ljíọ̀m lónìí, wọn iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ 200 pọ́n-ùn sínú ìkòkò, ó gbin igi wílò tó wọn pọ́n-ùn 5 sí i, omi nìkan ló sì ń bu sí i fún ọdún 5. Igi náà di pọ́n-ùn 169 àti díẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ ńkọ́? Kò dín ju nǹkan bí áúǹsì 2 lọ. Ó ní omi ló di igi. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán: afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀ tí kò kà kún un. Wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1648, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Àpótí dígí tí wọ́n fi ń gbé ewéko rìnrìn àjò náà tọ́ sí gbólóhùn kan tàbí méjì. Ní 1829, Nathaniel Ward, dókítà kan ní London, rí ewéko tó hù fúnra rẹ̀ nínú ìgò tó dé lórí. Ó kan àpótí dígí, ó fi ewéko ránṣẹ́ sí Sydney nínú rẹ̀ ní 1833, wọ́n sì débẹ̀ láàyè. Inú irú àpótí yìí ni ọmọ igi tíì gbà kúrò ní Ṣáínà lọ sí Íńdíà, inú rẹ̀ náà sì ni ọmọ igi rọ́bà, tí wọ́n kó èso rẹ̀ kúrò ní Brazil ní 1876, gbà láti Kew lọ sí Sri Lanka. Gbogbo ọrọ̀ ajé kan ṣí kúrò ní ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn nínú ìkòkò.

Nílẹ̀ tiwa, ọ̀rá dúdú ló ṣe iṣẹ́ náà. Kòkó tó ń wọ oko láti ibi ìtọ́jú irúgbìn, irú èyí tó wà ní ilé ìwádìí kòkó ní Ìdí-Ayunrẹ́ ní Ìbàdàn, inú ọ̀rá ló ti ń lo nǹkan bí oṣù 5 sí 6. Ọ̀pẹ ń lò tó ọdún kan. Ihò wà lára ọ̀rá náà. Bí ọmọ kòkó bá pẹ́ jù níbẹ̀, ọ̀gá gbòǹgbò rẹ̀ á kan ìdí ọ̀rá, á sì tẹ̀ kọdọrọ, igi náà kò sì ní jinlẹ̀ mọ́ láéláé. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń gbìn ín tọ̀rá-tọ̀rá. Ẹ ya ọ̀rá náà dànù kí ẹ tó gbìn ín!

Irú ewu kan náà wà nínú ìkòkò ike tí inú rẹ̀ dán. Gbòǹgbò á kan ògiri, á yí, á máa yí po títí yóò fi fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Carl Whitcomb ní Oklahoma ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí ìkòkò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́: orí gbòǹgbò tó bá kan afẹ́fẹ́ á gbẹ, ẹ̀ka tuntun á sì yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìkòkò aṣọ tí wọ́n ń tà lówó gọbọi báyìí, ìlànà yẹn ló ń tẹ̀ lé. Àpò ìrẹsì tí àwọn ènìyàn ń gbin iṣu àti ewédú sí lẹ́yìnkùlé ní Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́, àléébù rẹ̀ ni pé oòrùn á jẹ ẹ́, á sì ya.

Díẹ̀ sí i, kíákíá. Ìkòkò ike dúdú nínú oòrùn ọ̀sán lè gbóná kọjá 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí oòrùn, gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ yẹn á sì kú. Fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ìkòkò sìmẹ́ǹtì tuntun ń yọ ẹfun jáde, rẹ ẹ́ sómi kí o sì da omi náà nù lẹ́ẹ̀mélòó kan kí o tó lò ó. Ìkòkò tánganran kì í làágùn, nítorí náà dín omi rẹ̀ kù. Ìkòkò oníbébà tó ń jẹrà nínú ilẹ̀, gé etí rẹ̀ kúrò bí o bá ń gbìn ín, torí etí tó yọ síta á máa fa omi láti ìdí ọmọ ewéko lọ fún afẹ́fẹ́. Ike ọ̀dà lítà 20 tó kún fún iyẹ̀pẹ̀ tútù lè wọn kìlò 30. Ẹni tó bá to mẹ́wàá sí bákóní, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ilé. Òdòdó ọ́kíìdì tó ń gbé lára igi kò fẹ́ iyẹ̀pẹ̀ rárá: ìkòkò tó lu káàkiri ló ń fẹ́, ajere tí a fi ń yan ẹran sì bá a mu rẹ́gí.

Ìkòkò kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ run igbó. Ní gúúsù Brazil, ara igi xaxim, tí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ bò bí irun, ni wọ́n ń gé sí ìkòkò, nítorí ó ń di omi mú, ó sì ń mí. Igi náà kì í tètè dàgbà. Ní 2001 ìjọba dá gígé rẹ̀ dúró, irun èèpo àgbọn ló sì gba ipò rẹ̀.

Brazil náà ni wọ́n ti ń gbé ìkòkò ewé méje sẹ́nu ọ̀nà ilé láti lé ojú burúkú: ata wà nínú rẹ̀, efínrín wà nínú rẹ̀, àti ewéko kan tó ti ilẹ̀ Áfíríkà wa lọ, èyí tí àwọn kan ń pè ní ọ̀já ìkookò. Wọ́n ní idà Ògún ni. Èyí tí etí ewé rẹ̀ ní ìlà ìyeyè, wọ́n ní ti Ọya ni. Bí o bá gé ewé ti Ọya tì sínú iyẹ̀pẹ̀, á ta gbòǹgbò, á hù, ṣùgbọ́n ọmọ tó máa yọ kò ní ní ìlà ìyeyè: ti Ọya lo gbìn, ti Ògún ló hù. Bí o bá fẹ́ kí ìlà náà dúró, ìdí rẹ̀ ni kí o pín, tòun ti gbòǹgbò. Má sì jẹ́ kó pẹ́ jù nínú ìkòkò ike, nítorí bí ìdí rẹ̀ bá ti kún, ìkòkò ló ń là.